Ẹfọ̀n Tí Wọ́n Pa Lẹ́ẹ̀mejì

Igún ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Wọ́n tó ogún, wọ́n ṣù bo òkú màlúù mẹ́sàn-án lẹ́bàá adágún omi kan láàárín Kpankou sí Idigny, wọ́n ń já ìfun gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ aláìsàn. Mo dúró sínú oòrùn, ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà kó parí, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi, àwọn ẹyẹ burúkú yìí sì ń jẹun yó níṣojú mi.

"Májèlé ni, Sẹ́ẹ̀fù," Gaston wí. Gaston ni olórí ọlọ́pàá Kétu. Ọmọ Pobè ni, ó sanra, inú rẹ̀ máa ń dùn, kò sì sí ọ̀ràn tí kì í rí ojútùú sí kó tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán. "Mo ti mú ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ ni kí ẹ kàn wá fi sí ìwé."

"Láti ìgbà wo ni igún ti ń jẹ wọ́n?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí."

"Igún mélòó ló ti kú?"

Ó wò mí bí ẹni pé oòrùn ti ṣe mí léṣe. "Ta ló ń ka igún, Sẹ́ẹ̀fù?"

"Èmi ni."

Mo rìn lọ sétí omi. Àkèré mẹ́ta fò bọ́ sínú adágún. Májèlé wo ló ń pa màlúù, tí kò pa àkèré tó ń gbé inú omi, tí kò sì pa igún tó jẹ òkú ẹran náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko? Mo bi Gaston. Ó ní bóyá májèlé Nàìjíríà ni. Mo gbé ojú mi kúrò lára rẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí yóò ba ààwẹ̀ mi jẹ́.

Èmi ni Sìdíkù, ọmọ Àjàṣẹ́. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ohun tí mo sì mọ̀ nípa màlúù kò ju ọbẹ̀ lọ. Wọ́n rán mi wá nítorí pé ọdún kẹta òmìnira la wà, dókítà ẹran kan ṣoṣo tí ìjọba ní nítòsí ti lọ sí òkè ní ìhà àríwá, kò sì ní padà títí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ méjì. Gídádò, Fúlàní tó ni màlúù, ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sì ti dé tàwọn ti ọfà wọn. Àwọn àgbẹ̀ Idigny náà ń pọ́n àdá ní gbangba. Lábọ̀dé, ẹni tó bá Gídádò jà nítorí àgbàdo tí màlúù jẹ, wà ní àtìmọ́lé Gaston, ọkọ̀ ìjọba yóò sì gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ ní ọ̀sán ọ̀la. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti búra pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ọkọ̀ yẹn, Fúlàní kankan kò ní sùn lórí ilẹ̀ àwọn mọ́. Ọjọ́ kan péré ni mo ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù tó gbẹ̀yìn kú. Ẹ̀jẹ̀ jáde nímú rẹ̀, ó jáde nídìí rẹ̀, ó dúdú bí omi aró, kò sì dì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo ti bíìkì ìkọ̀wé mi bọ ẹnu, mo ń rún ìdí rẹ̀. Ìwà tí ìyá mi ti ń bá mi jà lé lórí láti kékeré nìyẹn.

* * *

Agolo oògùn kòkòrò kan wà lórí tábìlì Gaston, irú èyí tí wọ́n ń gbé wá láti ìhà Nàìjíríà fún àwọn olóko kòkó. Ó ti dé ìlàjì. Inú àká Lábọ̀dé ni wọ́n ti rí i. Lábọ̀dé fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí níwájú mi, ọkùnrin ẹni bí ogójì ọdún, ó gbẹ, ojú rẹ̀ le.

"Ṣé ìwọ lo sọ pé màlúù Gídádò kò ní rí oṣù tuntun?"

"Èmi ni. Wọ́n jẹ àgbàdo mi tán. Ṣé kí n kí wọn kú ìjẹun ni?"

"Kí lo fi oògùn yìí ṣe?"

"Mo fi pa kòkòrò ẹ̀wà."

"O ò gbin ẹ̀wà lọ́dún yìí. Mo ti béèrè."

"Ìkán ni mo fi pa."

"Ìkán ibo?"

"Ìkán inú ilé."

"Ilé alámọ̀ tí páànù bò. Ṣé ìkán ìlú yín ń jẹ páànù?"

Gaston rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ rí i. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, ọlọ́pàá sì ń gbé ọkọ́ fún un. Mo fa agolo náà mọ́ra, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Lábẹ́ etí ìdérí rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dán. Mo fi èékánná ṣí i. Ìpẹ́ ẹja ni.

"Lábọ̀dé, ẹja mélòó lo pa?"

Orí rẹ̀ wá sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Apẹ̀rẹ̀ méjì. Odò ìsàlẹ̀ oko ni mo dà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má sọ fún wọn nílé. Àwọn àna mi ló ń pọn omi yẹn mu. Bí baálẹ̀ bá gbọ́, wọ́n á lé èmi àtìyàwó mi jáde nílùú."

"Wọ́n ń gbé ọ lọ sẹ́wọ̀n fún ohun tí o kò ṣe, o wá ń fi ohun tí o ṣe pamọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n, èèyàn á dé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan," ó wí. "Bí wọ́n bá lé èèyàn nílùú, ibo ló máa dé sí?"

Mo bú u dáadáa, nítorí pé ó yẹ fún un. Mo ní kó ṣe tán láti jẹ́wọ́ fún baálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu omi yẹn mọ́, mo sì rán ọlọ́pàá kan kó sáré lọ fòfin de odò náà. Ṣùgbọ́n odò ìsàlẹ̀ oko Lábọ̀dé jìnnà sí adágún tí màlúù kú sí, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni.

"Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́ pé òun lo májèlé, Sẹ́ẹ̀fù!" Gaston wí.

"Gaston, ẹja kò ní ìwo."

* * *

Mo bá Gídádò nínú àgọ́ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ga, ó ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Kétu. Àwọn arákùnrin rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò kí mi.

"Ẹ kú ìrọ́jú," mo wí. "Ṣé wọ́n ṣàìsàn kí wọ́n tó kú?"

"Wọn ò ṣàìsàn. Láàárọ̀ wọ́n ń jẹko. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbọ̀n, wọ́n ṣubú. Májèlé ni. Lábọ̀dé sọ ọ́, ó sì ṣe é."

"Ibo ni wọ́n ti jẹko lọ́sẹ̀ yẹn?"

"Ibo ni koríko kù sí nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Etí adágún náà ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ níyọ̀, wọ́n máa ń fi ahọ́n lá a. Ibi tí ọdẹ yín ti kun ẹfọ̀n gan-an ni wọ́n ń lá jù. Ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ló fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò tilẹ̀ fi ewé bò ó. Mo fẹ́ lọ bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa dá Fúlàní lóhùn?"

"Ọdẹ wo nìyẹn?"

"Èṣùgbàyí. Mo gbọ́ ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń kírun Àìlà lọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni màlúù mi àkọ́kọ́ kú."

"Ìrun Àìlà? Ó dá yín lójú?"

Ó wò mí bí Mùsùlùmí ṣe ń wo ẹni tó bi í bóyá ó mọ àkókò ìrun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," mo wí.

Bí a ti ń padà sínú jíìpù, Gaston ń lá ètè. "Ẹfọ̀n yẹn, Sẹ́ẹ̀fù! Bàbá Èṣùgbàyí fi itan kan ránṣẹ́ sí búrò ọlọ́pàá wa. Ó dùn! Mo ṣì ní díẹ̀ nílé tí wọ́n yan gbẹ."

Mo sọ fún un pé mo gbààwẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ó sì tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi ata sè é.

* * *

Gbogbo Idigny ló mọ Èṣùgbàyí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gún, ojú rẹ̀ sì mú. Kí a tó wọlé ló ti bá Gaston wí pé ọmọ wo ni kì í ṣí fìlà níwájú àgbà. Gaston ṣí fìlà rẹ̀ kíá. Ó bá mi náà wí pé mo ń fi ìdí bíìkì họ orí. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Láti àárọ̀, òun nìkan ni ẹni tó sọ òtítọ́ fún mi.

Awọ ẹfọ̀n náà wà lára ògiri, wọ́n fi èèkàn nà án. Ìrù rẹ̀ rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí àlejò kò ti lè ṣàìrí i.

"Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni," bàbá bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ìtàn sọ. "Ìrì ò tíì gbẹ. Mo rá kòrò nínú koríko títí orúnkún mi fi bó. Ó dúró, ó gbórí sókè, ó ń gbóòórùn. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ló wà láàárín wa. Mo ní, 'Àgbà ẹfọ̀n, èmi àtìwọ la jọ dàgbà.' Mo yìnbọn. Ó yí, ó fẹ́ kọ lù mí, ó sì wó."

"Kú iṣẹ́, Bàbá," Gaston wí tọkàntọkàn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé omi jáde wá. Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ bí ogún ọdún, òun ló ń tọ́jú bàbá láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. Ó kí mi dáadáa. Ó sì fi ọwọ́ òsì gbé igbá omi náà fún mi.

Mo wo igbá. Mo wo ọmọ náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ ìborùn títí dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà mo wo bàbá rẹ̀, bàbá tó ti bá ọlọ́pàá wí nítorí fìlà, tó bá mi wí nítorí bíìkì. Bàbá gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Gbà, mu ún," ó wí. "Oòrùn pọ̀."

"Mo gbààwẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣé."

Bọ́sẹ̀ gbé igbá náà padà, tòun ti ọwọ́ òsì náà. Mo tọrọ àyè kí n wo awọ. Bàbá ní kí n wò ó, kí n wò ó dáadáa, ọmọ Àjàṣẹ́ kò lè rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ihò ọta wà lẹ́bàá apá iwájú. Mo ti orí bíìkì mi bọ̀ ọ́. Yíká ihò náà, irun ti jó, ó ká kórókóró, ẹ̀tù ti ṣe ara awọ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo ti bíìkì padà bọ ẹnu, mo ń ronú. Ìbọn ṣakabùlà kì í fi ẹ̀tù jó irun láti ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Kó tó lè jó o báyìí, ẹnu ìbọn ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara ẹran. Ta ni ẹfọ̀n aláàyè gbà láyè kó sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀? Ó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni. Gídádò ń kírun ọ̀sán nígbà tí ìbọn dún.

"Ó parí, Bàbá," mo wí. "A ń lọ, a ó sì padà wá."

Níta, Gaston fi fìlà rẹ̀ dé orí. "Ẹ rí i pé bàbá yìí kò mọ nǹkan kan nípa màlúù."

"Gaston, nígbà wo ni ọmọ ẹ̀kọ́ rere máa ń fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àlejò?"

"Kò sígbà kankan. Bàbá rẹ̀ á lù ú."

"Kí ló wá dé tí kò lù ú?"

Mo wọ jíìpù. Mo ní kó wà á lọ sí ilé ìwòsàn Kétu.

* * *

Philomène ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kétu. Kò dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Mo to ohun tí mo rí fún un: ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì, màlúù tó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹfọ̀n, ọwọ́ tí ọmọbìnrin fi pamọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ń le.

"Awọ yẹn, kí lẹ fi kàn án?"

"Bíìkì mi."

"Níbo ni bíìkì náà wà báyìí?"

Mo yọ ọ́ jáde lẹ́nu mi. Ó fi ẹ̀mú irin gbà á lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú iná, ó sì bù mí lómi kí n fi yọ ẹnu kí n tutọ́. Ó bú mi bí ẹni tó ń bú ọmọ. Mo gbà á, nítorí pé mo jẹ̀bi.

"Mo ti rí i rí ní òkè nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́," ó wí. "Àwọn Faransé ń pè é ní èédú. Kòkòrò kan ni tí ojú kò lè rí. Ó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní kú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko tán, ẹran igbó á fẹnu kan ilẹ̀, á gbé e. Bó bá ti kú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún fún kòkòrò náà. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, ẹ ti gbìn ín sílẹ̀ fún màlúù nìyẹn. Ẹni tó sì kun ún, bó bá ní ojú ọgbẹ́ kékeré lọ́wọ́…"

"Á ti ṣe é?"

"Egbò kan á yọ. Àárín rẹ̀ á dúdú, á wú yíká, kò sì ní dun ẹni náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fojú kékeré wò ó. Bí mo bá tètè fún un lábẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì, á yè. Bí wọ́n bá fi abẹ gé e, tàbí tí wọ́n pẹ́, tó bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ méjì ni."

Ó ti ń kó àpò rẹ̀. Mo dá a dúró.

"Màdáàmù, bàbá yẹn kò ní jẹ́wọ́ fún èmi. Gídádò kò sì ní gba ìwé ìjọba gbọ́. Bí Èṣùgbàyí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ẹfọ̀n ṣe kú, ọfà àti àdá yóò sọ̀rọ̀ lọ́la. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi í."

Mo sọ ìbéèrè náà fún un. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò ní bi í.

* * *

A bá olóolà lẹ́nu ọ̀nà Èṣùgbàyí, ó ń pọ́n abẹ. Bàbá ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá gé èéwo ọmọ òun. Philomène gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìkí i, ó sì wọlé.

Bọ́sẹ̀ tú ìborùn. Lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, nítòsí ọrùn ọwọ́, egbò kan wà níbẹ̀ tó tó èékánná àtàǹpàkò, àárín rẹ̀ dúdú bí èédú lóòótọ́, apá sì wú dé ìgúnpá. Ara rẹ̀ gbóná. Kò sunkún.

Mo jókòó níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹ yìnbọn. Ọ̀sán ni wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Ẹ̀tù jó irun ẹran náà. Ẹ ní ó fẹ́ kọ lù yín. Ẹran tó ti sùn sílẹ̀ kì í kọ lu ẹnikẹ́ni. Ta ló pa ẹfọ̀n yìí?"

"Èmi ni."

"Bàbá…"

"Èmi ni! Ọdẹ kì í gbé òkú ẹran wálé! Ìwọ ọmọ kékeré yìí, àwọn tó bí ọ ò tíì fẹ́ra wọn nígbà tí mo ti ń pa ẹkùn. Dìde nílé mi!"

Orí mi gbóná. Mo ti fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n Philomène sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Bàbá, èmi ò mọ̀ nípa ọdẹ. Ọwọ́ ọmọ yín nìkan ni mo mọ̀. Bó bá jẹ́ ẹfọ̀n tó lókun ni ẹ pa, èéwo lásán nìyí, kí olóolà gé e báyìí. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú kí ẹ tó dé ibẹ̀, abẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá, nítorí abẹ ni yóò pa á. Ẹ sọ fún mi. Ṣé kí ó gé e?"

Olóolà na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun ní abẹ òun.

"Ẹ jẹ́ kó gé e," Bọ́sẹ̀ wí. Ó gbójú sí bàbá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá mi ló pa á. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

Ìgbà náà ló yé mi, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Ọmọ yìí ló bá bàbá rẹ̀ kun ẹran náà, ó sì ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti rí ẹ̀jẹ̀ dúdú náà lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Òun gan-an ló bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í ṣe bàbá.

"Ẹ má gé e," Èṣùgbàyí wí.

"Bàbá…"

"Mo ní kí wọ́n má gé e!" Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Òkú ni mo yìnbọn fún. Ó ti sùn sẹ́bàá omi nígbà tí mo dé ibẹ̀, eṣinṣin wà lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò pa ohun tó ju ọ̀yà lọ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ọdẹ ló ń bu ìpín arúgbó fún mi. Mo wo ẹran ńlá yẹn, mo wo apá, mo wo òsì, kò sẹ́ni kankan. Mo fi ẹnu ìbọn kàn án."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni Philomène ti gún abẹ́rẹ́ náà tán. Kí ó tó bi í ní ìbéèrè ló ti fa oògùn sínú rẹ̀. Ìdáhùn yòówù kí bàbá fún un, yóò gún ọmọ náà. Ìbéèrè náà, tèmi ni. Níta, ó sọ fún mi pé bí mo bá tún rán òun ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á gún èmi náà níbi tí mi ò ní lè jókòó. Mo gbà pé ó tọ́. Ó sì gún mi lóòótọ́, nítorí bíìkì.

* * *

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fúlàní dúró ní apá kan adágún, àgbẹ̀ dúró ní apá kejì. Kòtò jíjìn kan wà láàárín wọn. Gaston ló kó àwọn èèyàn gbẹ́ ẹ, wọ́n fi igi wọ́ òkú màlúù sínú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n sì ti kó igi ìdáná jọ. Mo ṣàlàyé ọ̀ràn náà. Gídádò gbọ́ mi tán, ó ní ìjọba ló ń sọ̀rọ̀, ìjọba sì jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Èṣùgbàyí bá jáde síwájú. Kò mú ìbọn dání. Ó fi igi gbé awọ ẹfọ̀n náà, ó sì fi aṣọ di ìrù mú. Mo ti sọ fún un pé bó bá fẹ́, kó sọ ọ́ fún Gídádò àti baálẹ̀ nìkan nínú yàrá. Ó kọ̀.

"Gídádò," ó pe orúkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn fi gbọ́. "Lábọ̀dé kò pa màlúù rẹ. Èmi ni mo la òkú ẹran sílẹ̀ fún wọn. Òkú ni mo bá, mo yìnbọn fún òkú, mo sì purọ́ fún ìlú. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, tí ẹ bá ń ka ẹran mi, ẹ má ka ẹfọ̀n yìí mọ́ ọn."

Ó ju awọ sí kòtò. Ó ju ìrù tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gídádò gbé ọfà rẹ̀ kúrò léjìká, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì béèrè bí ara ọmọbìnrin náà ti rí.

Wọ́n dá Lábọ̀dé sílẹ̀, ó sì lọ tààrà sọ́dọ̀ baálẹ̀ lọ jẹ́wọ́ ẹja, nítorí mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọn kò lé e. Ọdún kan ni wọ́n ní kó fi máa pọn omi fún ilé àna rẹ̀ láti odò mìíràn. Ó bá mi bínú títí mo fi lọ.

Ẹni tó kù ni Gaston. Bí iná ti mú, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti funfun.

"Sẹ́ẹ̀fù. Itan yẹn."

"Itan wo?"

"Èyí tó wá sí búrò. Àwa mẹ́jọ la jẹ ẹ́. Ìyàwó mi náà jẹ."

Mo wò ó, mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Philomène ní bí wọ́n bá sè é pẹ́, bóyá kò sí ewu, ṣùgbọ́n òun kò gbára lé bóyá. Ọ̀sán yẹn, ọkọ̀ ìjọba tó wá gbé ọ̀daràn dé iwájú ilé ìwòsàn, ó sì bá gbogbo ọlọ́pàá Kétu lórí ìlà, ṣòkòtò wọn dé orúnkún, olórí wọn ló ṣíwájú.

Mo dúró títí dókítà ẹran fi dé, tó fún màlúù yòókù lábẹ́rẹ́. Ààwẹ̀ ti tú nígbà náà. Lọ́jọ́ tí mo ń padà sí Àjàṣẹ́, mo yà nílé Èṣùgbàyí. Kò sí awọ lára ògiri, kò sí ìrù lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni wí, ó sì dùn mí pé kò bá mi wí.

Bọ́sẹ̀ jáde wá. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ìka nìkan ló yọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ náà gbé igbá omi, omi ń dà sílẹ̀ títí ó fi ku ìlàjì. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fi ọwọ́ òsì ràn án lọ́wọ́, pé kò sí ohun tó burú.

"Gbà á, ọmọ Àjàṣẹ́," bàbá rẹ̀ wí. "Ọwọ́ ọ̀tún ni."

Mo gbà á, mo sì mu ún tán.